Kí ni driver kọ̀ǹpútà, kí sì nìdí tí àṣìṣe kékeré nínú mẹ́mọ́rì rẹ̀ fi lè dá iṣẹ́ dúró káàkiri àgbáyé?

Ní ọjọ́ 19, oṣù Keje, ọdún 2024, ojú kọ̀ǹpútà ṣàdédé di aláwọ̀ búlúù ní pápákọ̀ òfurufú, ilé ìfowópamọ́, ilé ìwòsàn àti ilé iṣẹ́ ìròyìn ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè.

Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Delta ní Amẹ́ríkà nìkan fagi lé ìrìnàjò bíi 7,000 láàárín ọjọ́ márùn-ún. Microsoft sọ pé kọ̀ǹpútà Windows tí ọ̀rọ̀ náà kàn tó mílíọ̀nù 8.5, bẹ́ẹ̀ iye yìí kò tó ìdá kan nínú ìdá ọgọ́rùn-ún gbogbo kọ̀ǹpútà Windows.

Kì í ṣe àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ṣọṣẹ́ náà. Ètò ààbò tí wọ́n ṣe láti dènà irú wọn gan-an ló ṣi ẹsẹ̀ gbé: ó na ọwọ́ sí ibi tí kì í ṣe tirẹ̀ nínú mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà.

Kí ni driver, kí sì ni kernel?

Nínú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù kọ̀ọ̀kan, ètò ìdarí kan wà tó ń bójú tó gbogbo iṣẹ́. Windows, Linux àti Android jẹ́ àpẹẹrẹ rẹ̀. Àárín gbùngbùn ètò náà ni wọ́n ń pè ní kernel, òun ló sì ní àṣẹ lórí mẹ́mọ́rì àti gbogbo ohun èlò tó so mọ́ ẹ̀rọ.

Àmọ́ kámẹ́rà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, Wi-Fi àti ojú fóònù, kálukú wọn ló ní èdè tirẹ̀. Ògbufọ̀ tó wà láàárín wọn àti kernel ni driver. Àwọn ètò ààbò kan náà máa ń lo driver kí wọ́n lè rí ohun gbogbo tó ń lọ nínú ẹ̀rọ.

A lè fi mẹ́mọ́rì wé ọjà, kí a sì fi kernel wé ìyálọ́jà tó ń pín ìsọ̀. WhatsApp tàbí ètò mìíràn tí ẹ ń lò dà bí oníṣòwò tó gba ìsọ̀ kan. Bó bá fẹ́ wọ ìsọ̀ ẹlòmíì, ìyálọ́jà yóò lé e jáde, ọjà yóò sì máa lọ.

Ọ̀pọ̀ driver kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ilé ìyálọ́jà fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, kọ́kọ́rọ́ gbogbo ìsọ̀ sì wà lọ́wọ́ wọn. Bí kernel bá rí i pé nǹkan ti dàrú nínú ilé òun, ó máa ń ti gbogbo ọjà pa kí ìbàjẹ́ náà má baà dé orí àkọsílẹ̀ àwọn tó ni ẹ̀rọ. Ohun tí ojú búlúù Windows túmọ̀ sí nìyẹn.

Àṣìṣe mẹ́rin tó wọ́pọ̀

Driver gbọ́dọ̀ tọrọ àyè nínú mẹ́mọ́rì kó tó lò ó, kó sì dá a padà tó bá ti ṣe tán. Láàárín ìgbà méjèèjì yìí ni wàhálà ti ń wáyé:

- Kíkọjá ààlà: driver gba àyè fún ohun 20, àmọ́ ó ń ka èkọkànlélógún tàbí ó ń kọ nǹkan sí i.

- Lílo àyè tí wọ́n ti dá padà: kernel ti fi ìsọ̀ náà fún ẹlòmíì, síbẹ̀ ẹni tó kó jáde ṣì ń wọ ibẹ̀.

- Dídá àyè kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀mejì: èyí máa ń da ìwé tí kernel fi ń pín àyè rú.

- Àìdá àyè padà rárá: mẹ́mọ́rì á máa dínkù díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀rọ yóò fi máa fà, tàbí tí yóò fi kú.

Méjì àkọ́kọ́ ló léwu jù. Ọ̀daràn tó bá mọ ibi tí àṣìṣe náà wà lè fi ohun tirẹ̀ sí àyè tí driver fẹ́ kà, kó sì fi bẹ́ẹ̀ gba àṣẹ lórí gbogbo fóònù.

Ní oṣù Kẹwàá, ọdún 2023, ilé iṣẹ́ Arm kéde irú àlébù bẹ́ẹ̀, CVE-2023-4211, nínú driver ẹ̀rọ ayàwòrán Mali, tó wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù Android. Arm ní ẹ̀rí wà pé àwọn kan ti ṣeé ṣe kí wọ́n máa lò ó láti kọlu àwọn tí wọ́n dójú sọ.

Kí ló mú kí iṣẹ́ driver ṣòro?

Ohun èlò kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá ṣàdédé yọ fíláàṣì kúrò lára kọ̀ǹpútà, driver gbọ́dọ̀ dá àyè tó gbà padà. Ṣùgbọ́n tí ètò kan bá ṣì ń ka fáìlì láti inú fíláàṣì náà lọ́wọ́, àyè tí wọ́n dá padà ni ètò náà ń lò yẹn.

Bákan náà, ọ̀pọ̀ ohun èlò máa ń kọ nǹkan sínú mẹ́mọ́rì ní tààrà láì gba ọwọ́ kernel, kí iṣẹ́ lè yá. Bí driver bá dá àyè padà kí ohun èlò tó kọ ọ́ tán, orí nǹkan ẹlòmíì ni ìkọ̀wé náà yóò bọ́ sí.

Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an ní ọdún 2024?

Ní agogo 5:09 ìdájí, aago Nàìjíríà, ilé iṣẹ́ ààbò CrowdStrike fi fáìlì tuntun ránṣẹ́ sí ètò rẹ̀ tó ń jẹ́ Falcon.

Ìlànà tí wọ́n kọ fún driver náà sọ pé ohun 21 ni yóò máa yẹ̀ wò, àmọ́ kóòdù tó ń kó wọn wá fún un kó 20 péré. Àwọn fáìlì tó ṣáájú kò béèrè ohun kọkànlélógún náà, nítorí náà àṣìṣe ọ̀hún fara pamọ́. Fáìlì ọjọ́ náà béèrè rẹ̀. Driver kọjá ààlà láti lọ mú un wá, Windows sì dákú.

Ní agogo 6:27, CrowdStrike ti yí fáìlì náà padà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ti gbà á kò lè tàn dé ibi tí yóò ti gba àtúnṣe. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni àwọn òṣìṣẹ́ ní láti dé ìdí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì fi ọwọ́ pa fáìlì náà rẹ́.

Lẹ́yìn náà, CrowdStrike fi àyẹ̀wò ààlà sí kóòdù rẹ̀, ó sì ní òun kò ní máa fi fáìlì tuntun ránṣẹ́ sí gbogbo ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà mọ́. Microsoft ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí bí ètò ààbò yóò ṣe lè máa ṣiṣẹ́ láì wọ inú kernel.

Ọ̀nà wo ni wọ́n ń gbà dènà rẹ̀?

Èdè C, tí Dennis Ritchie ṣe ní Bell Labs ní nǹkan bí ọdún 1972, ni wọ́n fi kọ èyí tó pọ̀ jù nínú kernel Linux. C yára, àmọ́ ó fi ìṣọ́ mẹ́mọ́rì sílẹ̀ fún ẹni tó ń kọ kóòdù. Ní ọdún 2019, Microsoft sọ pé bíi ìdá 70 nínú ìdá ọgọ́rùn-ún àlébù ààbò tí òun ń tún ṣe lọ́dọọdún ló jẹ mọ́ mẹ́mọ́rì.

Linux ní ọ̀nà kan tó ń so àyè mọ́ ohun èlò: bí ohun èlò bá ti kúrò, kernel fúnra rẹ̀ ni yóò gba àyè náà padà. Ó tún ní irinṣẹ́ KASAN, tó ń ké gbàjarè nígbà àyẹ̀wò bí driver bá kọjá ààlà. Windows ní Driver Verifier fún irú iṣẹ́ yìí.

Ọ̀nà tuntun ni èdè Rust, tó wọ Linux ní oṣù Kejìlá, ọdún 2022. Nínú Rust, ohun kọ̀ọ̀kan ní olówó kan ṣoṣo. Ẹlòmíì lè yá a lò, àmọ́ kò lè dì í mú lẹ́yìn tí olówó rẹ̀ bá ti lọ. Kí kóòdù tó ṣiṣẹ́ rárá ni wọ́n ti ń yẹ èyí wò.

Google sọ pé àlébù mẹ́mọ́rì, tó jẹ́ ìdá 76 nínú ìdá ọgọ́rùn-ún àlébù ààbò Android ní ọdún 2019, ti wálẹ̀ sí ìdá 24 ní ọdún 2024, lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú èdè bẹ́ẹ̀ kọ kóòdù tuntun.

Síbẹ̀, Rust nìkan kọ́ ni oògùn. Bí driver Rust bá béèrè ohun kọkànlélógún nínú 20, Rust kò ní jẹ́ kó kọjá ààlà, àmọ́ bí ẹni tó kọ ọ́ kò bá sọ ohun tó yẹ kó ṣe nígbà náà, ẹ̀rọ ṣì lè dúró.

Kí ni ẹ lè ṣe?

- Ẹ máa gba àtúnṣe ààbò tí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà yín bá ní kí ẹ gbà. Àtúnṣe driver máa ń wà nínú rẹ̀.

- Ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ yín tàbí inú Windows fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ti gba driver, kì í ṣe ibikíbi tí ẹ bá ṣáà ti rí i.

- Kí ẹ tó ra fóònù, pàápàá tòkunbọ̀, ẹ lọ sí ibi ètò rẹ̀, kí ẹ wo ọjọ́ tó gba àtúnṣe ààbò kẹ́yìn. Fóònù tí kò rí àtúnṣe gbà mọ́ yóò máa gbé àlébù driver rẹ̀ kiri, bí àwọn ọ̀daràn tilẹ̀ ti mọ̀ ọ́n.

- Ẹ máa ṣe ẹ̀dà fáìlì yín sí ibòmíràn. Bí ẹ̀rọ bá kọ̀ tí kò tàn, iṣẹ́ yín kò ní bá a lọ.