Nígbà tí Òrìṣà Di Ènìyàn Nínú Ìwé Àwọn Ará Íńdíà

Nínú ìtàn Mahabharata, èpè kan wà lórí Pandu ọba tí kò jẹ́ kí ó lè bá aya rẹ̀ sùn. Kunti, ìyálé rẹ̀, bá ké pe àwọn òrìṣà. Òrìṣà òdodo fún un ní Yudhishthira, òrìṣà afẹ́fẹ́ fún un ní Bhima, Indra tí ó ni àrá àti òjò sì fún un ní Arjuna. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn Híńdù ṣe gbọ́ ọ láti ìrandíran.

Ní 1979, S. L. Bhyrappa gbé ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀, Parva, jáde ní èdè Kannada. Kò sí òrìṣà kankan tí ó sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀run nínú tirẹ̀. Ẹlẹ́ran-ara ni àwọn tí ó bá Kunti bímọ, àwọn ọkùnrin ẹ̀yà kan tí ń jẹ́ Deva ní orí òkè Himalaya. Àṣà àtijọ́ kan wà, niyoga, tí ó fàyè gba ọkùnrin mìíràn láti bímọ fún ẹni tí kò lè bí. Orí àṣà yìí ni Bhyrappa gbé ọ̀rọ̀ kà. Ní 1984, M. T. Vasudevan Nair gbé Randamoozham jáde ní èdè Malayalam, níbi tí Bhima fúnra rẹ̀ ti ń pìtàn. Ẹni tí gbogbo ayé ń kì ní ọmọ afẹ́fẹ́ wá gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ pé ará igbó kan lásán ni bàbá òun. Kí ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò tún fi yangàn?

Èrò yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Bengal, àwọn ajíhìnrere Kristi a máa bẹnu àtẹ́ lu Krishna nítorí ìtàn eré ìfẹ́ òun àti àwọn aya darandaran. Ní 1886, Bankimchandra Chattopadhyay fi Krishnacharitra dáhùn. Ó gbà pé òrìṣà ni Krishna, ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ni ó gbé yẹ̀ wò, ó sì ní àfikún àwọn ará ẹ̀yìn ni ìtàn ìfẹ́ wọ̀nyẹn. Ìgbèjà ni èyí, Krishna rẹ̀ sì mọ́ ju bí ó ti yẹ lọ.

Irawati Karve, onímọ̀ nípa ẹ̀dá àti àṣà, kò gbèjà ẹnikẹ́ni nínú Yuganta, àkójọ àròkọ tí ó gbé jáde ní èdè Marathi ní 1967. Ẹ wo ọ̀rọ̀ igbó Khandava tí Krishna àti Arjuna dáná sun. Ìtàn àtijọ́ ní Agni, òrìṣà iná, ni ebi ń pa. Karve ní ilẹ̀ ni wọ́n ń wá, àti pé wọ́n pa àwọn ará Naga àti ẹranko inú igbó náà kí ó lè di tiwọn. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti le. Ta ni yóò pe òrìṣà lẹ́jọ́? Ṣùgbọ́n ènìyàn tí ó jó ilé onílé ní láti wí tẹnu rẹ̀.

Ti Amish Tripathi yàtọ̀. Nínú The Immortals of Meluha, tí ó jáde ní 2010, olórí ẹ̀yà kan láti Tibet ni Shiva. Oògùn kan tí ó mu sọ ọ̀fun rẹ̀ di aláwọ̀ aró, àwọn ará Meluha sì pariwo pé olùgbàlà àwọn dé. Ìwé náà tà púpọ̀, ó sì dùn ún kà, ṣùgbọ́n iyì òrìṣà kò fi bẹ́ẹ̀ kúrò lára Shiva yìí. Bhima tí Nair kọ kò rí irú rẹ̀.