Ìwọ̀n rímù àti táyà fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ oníná

Bí táyà ọkọ̀ tó ń lo iná mànàmáná bá ti jẹ tán, tàbí tí ẹni tó ni ín bá fẹ́ rímù mìíràn, ohun mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó nájà: bí táyà tuntun ṣe tóbi tó, bó ṣe fẹ̀ tó, àti ẹrù tó lè gbé. Ní Ẹ̀sà-Òkè àti àwọn ìlú tó yí i ká ní ìjọba ìbílẹ̀ Obòkun, ohun kẹrin kún un, ìyẹn ọ̀nà. Orí òkè ni ìlú náà wà. Ẹni tó bá ti Iléṣà gba Ìbòkun wá yóò gòkè, yóò sọ̀, yóò sì máa yà fún kòtò níbi tí ọ̀dà ti ṣí.

Ìtàn

Ìgbà kan wà tí táyà ń ti Ìkẹjà wá. Dunlop bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Michelin náà sì dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Port Harcourt. Michelin ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ pa ní 2007. Dunlop, tó ti di DN Tyre and Rubber, dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní 2008. Láti ìgbà náà, òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti ń wá, tuntun àti tòkúnbọ̀. Láàárín 2020 sí 2021 ni Stallion Group gbé Hyundai Kona Electric jáde ní Nàìjíríà. Nissan Leaf àti Tesla náà ń wọlé gẹ́gẹ́ bíi tòkúnbọ̀. Kona ni àyọkà yìí fi ṣe àpẹẹrẹ jù.

Ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ táyà

215/55R17 94V ni táyà tó bá Kona Electric wá. 215 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mìlímítà. 55 ni gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìyẹn ìdá 55 nínú 100 fífẹ̀ náà, tó jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 118. 17 ni ìnṣì rímù. 94 ni nọ́ńbà ẹrù: táyà kan lè gbé 670 kìlógíráàmù. V ni eré, kò gbọ́dọ̀ kọjá 240 kìlómítà ní wákàtí kan, èyí tí kò kan ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà Ìbòkun. Bí a bá ro rímù pọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ táyà lókè àti nísàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ yóò ga tó mìlímítà 668. Gíga yìí ni kọ̀ǹpútà ọkọ̀ fi ń ṣírò eré àti ibùsọ̀, ìdí nìyí tí àwọn oníṣẹ́ kì í fẹ́ kí táyà tuntun fi ju nǹkan bí ìdá 3 nínú 100 yàtọ̀ sí i.

Ní ìdí fọkanáísà, nọ́ńbà ẹrù ni wọ́n máa ń fò. Oníbàárà á ní, “Ọ̀gá, ẹ bá mi wá sẹ́fúntíìn méjì.” Fọkanáísà á fi àkísà tútù nu ẹrẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, á ka 215, á ka 55, á ka 17, ó parí. Wọn ò ka 94 tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ òun ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò.

Ẹrù àti ihò àárín rímù

Ọkọ̀ oníná wúwo ju ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ tó ń mu bẹntiróò lọ, nítorí bátìrì tó tẹ́ rẹrẹ sábẹ́ rẹ̀. Kona Electric tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ 64 kWh wọn nǹkan bí 1,700 kìlógíráàmù láìtíì gbé èrò. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, tí awakọ̀ tẹ bíréèkì, táyà iwájú méjèèjì ló ń ru èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù náà. Nítorí náà, a kì í fi táyà tí nọ́ńbà ẹrù rẹ̀ kéré sí ti àkọ́kọ́ rọ́pò, bó ti wù kó dọ́gba ní ìnṣì tó. Táyà 91 jọ 94 lójú, àmọ́ 615 kìlógíráàmù ni agbára tirẹ̀.

Àwọn táyà kan ní XL lára, wọ́n lè gbé ẹrù ju táyà lásán lọ. Pirelli tún gbé irú kan tí wọ́n ń pè ní HL jáde ní 2021 fún Lucid Air, ọkọ̀ oníná Amẹ́ríkà kan. XL ní àṣírí kan tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: kò lè gbé gbogbo ẹrù tí wọ́n kọ sí i lára àfi bí wọ́n bá pọ́ǹpù rẹ̀ dé nǹkan bí 42 PSI. Ẹni tó ra XL 99, tó gbà pé òun ti ní 775 kìlógíráàmù, tó wá fi í sílẹ̀ lórí 36, kò tíì rí gbogbo ohun tó sanwó fún.

Ti rímù tún le ju ti táyà lọ. Nọ́ọ̀tì márùn-ún ni Kona, Leaf àti Tesla Model 3 ní lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n ibi tí nọ́ọ̀tì wọn wà sì jẹ́ mìlímítà 114.3 fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bẹ́ẹ̀ náà ni Toyota Camry, tí rímù rẹ̀ kún ìsọ̀ tòkúnbọ̀ káàkiri. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Ihò àárín Kona jẹ́ mìlímítà 67.1, ti Leaf 66.1, ti Model 3 64.1, ti Camry 60.1. Rímù Camry kò lè gba orí họ́ọ̀bù Kona kọjá, àwọn kan á sì ní kí wọ́n fá ihò náà gbòòrò sí i. Kí wọ́n má ṣe é: ara rímù ni wọ́n ń gé kúrò lábẹ́ ọkọ̀ tó wúwo. Ní ìdà kejì, rímù Kona yóò wọlé sórí họ́ọ̀bù Leaf, ṣùgbọ́n àyè yóò kù. Bí kò bá sí òrùka tó dí àyè náà, ọkọ̀ á máa gbọ̀n lórí eré. Rímù tòkúnbọ̀ tí wọ́n ti jó níbi tó ti sán kò yẹ lábẹ́ ọkọ̀ oníná rárá. Kí a wá JWL tí wọ́n tẹ̀ sí i lára, àmì ìdíwọ̀n àwọn ará Japan, pẹ̀lú iye ẹrù tó lè gbé.

Nọ́ńbà ET tó wà lára rímù náà ṣe pàtàkì: òun ló ń sọ bóyá rímù yóò wọnú jù tàbí yóò yọ síta.

Gíga ẹ̀gbẹ́ táyà àti ọ̀nà Ìjẹ̀ṣà

Ohun tó wà láàárín rímù àti kòtò kò ju ẹ̀gbẹ́ táyà lọ. Ti Kona jẹ́ mìlímítà 118. Bí a bá gbé e sórí rímù 18 pẹ̀lú 235/45R18, gíga gbogbo táyà kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, nǹkan bí 669 ni, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ti dín sí 106. Lórí rímù 20, pẹ̀lú 235/35R20, ó ku 82. Rímù 20 lẹ́wà, a kò jiyàn. Àmọ́ kòtò kan ṣoṣo lálẹ́ lè tẹ etí rẹ̀, kí táyà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Kona Electric kì í sì gbé táyà àfikún: oògùn tí wọ́n ń fún sínú táyà àti pọ́ǹpù kékeré ni wọ́n fi sí i. Oògùn náà lè dí ojú ìṣó, kò lè dí ẹ̀gbẹ́ táyà tó ya.

Fún ọ̀nà yìí, rímù tó kéré sí ti àkọ́kọ́ sàn ju èyí tó tóbi jù ú lọ. 215/60R16 ga tó mìlímítà 664, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 129, ó sì wà ní nọ́ńbà 95 àti 99. Kí wọ́n kọ́kọ́ dán rímù 16 náà wò láìde nọ́ọ̀tì pa, kí wọ́n yí i lọ́wọ́ láti rí i pé kò ha ẹ̀rọ bíréèkì.

Bí wọ́n bá fẹ́ tú ẹsẹ̀ ọkọ̀ oníná, jáákì kò gbọ́dọ̀ dé abẹ́ bátìrì. Ibi tí ilé iṣẹ́ sàmì sí lábẹ́ ilẹ̀kùn nìkan ni a ń fi í sí.

Bátìrì àti ibi tó ń gbéni dé

Lórí bí ìnṣì rímù ṣe ń kan ibi tí bátìrì ń gbéni dé ni àríyànjiyàn pọ̀ sí. Nínú òdiwọ̀n EPA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó àyíká, fún Tesla Model 3 Long Range ti 2024, èyí tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, rímù 18 rin máìlì 341, rímù 19 rin 305. Ìyàtọ̀ náà tó kìlómítà 58. Ó rọrùn láti sọ pé ìnṣì kan ló jẹ ẹ́, ó sì ṣeé ṣe kó má rí bẹ́ẹ̀. Táyà rímù 19 kì í ṣe irú kan náà pẹ̀lú ti 18, rọ́bà rẹ̀ lè di ọ̀nà mú ju ti èkejì lọ, òǹkà méjèèjì kò sì ya ipa rọ́bà kúrò lára ipa ìnṣì. Èyí tó dájú ni pé rímù tó wúwo àti táyà tó fẹ̀ kì í fi kún ọ̀nà tí bátìrì ń rìn. Lórí òkè Ẹ̀sà-Òkè, gígun òkè ń jẹ iná púpọ̀, mọ́tò sì ń dá díẹ̀ padà sínú bátìrì nígbà tó bá ń sọ̀. Ó lè jẹ́ pé òkè yóò bo ìyàtọ̀ ìnṣì kan mọ́lẹ̀ níbẹ̀.

Ọjọ́ orí àti ariwo

Ọdún 4 láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é ni SON, àjọ tó ń rí sí ìdíwọ̀n ọjà, àti Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó fún táyà ní Nàìjíríà. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lára àmì DOT tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ló ń sọ ọjọ́ náà: 2324 jẹ́ ọ̀sẹ̀ 23 ní 2024. Àwọn táyà ọkọ̀ oníná kan ní fóòmù nínú tó ń pa ariwo.

Nọ́ọ̀tì rímù tuntun máa ń dẹ̀ díẹ̀, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ tún un dè lẹ́yìn nǹkan bí 80 kìlómítà. Àlọ àti àbọ̀ Ẹ̀sà-Òkè sí Òṣogbo kò jìnnà sí iye yẹn.