Afẹ́fẹ́ Tí A Gbé Wọ Inú Omi

Nígbà ìsinmi tí ó kọjá, mo dúró ní etí ọ̀sà ní Badore, lẹ́bàá Ajah, mo ń wo bàbá kan tí ó ń wa iyanrìn. Ó mú korobá lọ́wọ́, ó fa èémí sínú, ó dì í, ó sì gba ara igi tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Nígbà tí mo fi kà dé 40, àyà mi ti ń já. Kò pẹ́ tí orí bàbá náà fi yọ, tí korobá rẹ̀ sì kún. Ó ní, “Ìwọ ṣáà ti di èémí rẹ mú, ọmọ mi, ìyókù kò ṣòro.”

Òótọ́ ni bàbá sọ nípa iṣẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn kan náà lè pa ẹni tí ó gbé àgbá afẹ́fẹ́ pọ̀n. Èémí òkè ni awayanrìn gbé sọ̀ kalẹ̀. Omi fún un pọ̀, bí ó bá sì gòkè, yóò padà sí bí ó ti wà. Ẹni tí ó ń mí láti inú àgbá ní 33 ẹsẹ̀ bàtà, afẹ́fẹ́ tí a há ní ìlọ́po méjì ni ó ń fà. Bí ó bá di èémí gòkè, afẹ́fẹ́ náà yóò wú, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ yóò sì fàya. Nítorí náà ni wọ́n fi ń kọ́ amòòkùn pé kí ó máa mí láìdáwọ́ dúró, kí ó sì rọra gòkè.

Kí a tó mọ èyí, ojú ènìyàn rí màbo. Àwọn tí ó wa ìpìlẹ̀ afárá Brooklyn ní Amẹ́ríkà, nínú yàrá tí a há afẹ́fẹ́ mọ́ lábẹ́ odò, ń jáde pẹ̀lú oríkèé ríro. Àwọn mìíràn kú. Washington Roebling, ọ̀gá iṣẹ́ náà, di aláìlera ní 1872. Ní 1878 ni Paul Bert, ará Faransé, ṣàlàyé rẹ̀: náítírójìn a máa wọ inú ẹ̀jẹ̀, bí a bá sì yára gòkè, a máa hó bí ọtí inú ìgò tí a mì kí a tó ṣí i. Ewúrẹ́ ni Haldane, ará Bìrìtìkó, fi dán tirẹ̀ wò (ẹran tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀!), bí ewúrẹ́ bá ká ẹsẹ̀ iwájú kan sókè, a mọ̀ pé ara ń ro ó. Ní 1908 ni ó tẹ ìlànà bí a ti í gòkè ní ìpele-ìpele jáde. Ní 1943 ni Cousteau àti Gagnan ṣe ohun èlò tí amòòkùn fi ń dá mí lábẹ́ omi.

A rí àpẹẹrẹ kan lórí omi tiwa. Ní ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún, 2013, ọkọ̀ Jascon-4 dojú dé ní ìhà Escravos. Nínú àwọn 12 tí ó wà nínú rẹ̀, Harrison Okene, alásè ọkọ̀, nìkan ni ó yè. Ó lo nǹkan bí 60 wákàtí nínú afẹ́fẹ́ díẹ̀ tí ó há sínú ọkọ̀ náà, ní nǹkan bí 100 ẹsẹ̀ bàtà sísàlẹ̀. Òkú ni àwọn amòòkùn wá gbé. Alààyè ni wọ́n bá. Síbẹ̀, bí wọ́n bá fà á gòkè lójú ẹsẹ̀, wọn ìbá pa á, nítorí náítírójìn ti kún ara rẹ̀. Inú yàrá tí a há afẹ́fẹ́ mọ́ ni wọ́n fi í sí fún ohun tí ó ju ọjọ́ méjì lọ. Lẹ́yìn náà, òun pàápàá kọ́ṣẹ́ amòòkùn!

Nítorí náítírójìn yìí ni a fi ṣe nitrox. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ lásán jẹ́ ìdá 21 nínú 100; ti nitrox lè jẹ́ 32 tàbí 36. Àjọ NOAA ti Amẹ́ríkà fi ìlànà rẹ̀ sínú ìwé ní 1979. Ọ̀pọ̀ rò pé kí a lè lọ jìnnà sísàlẹ̀ ni a ṣe ń lò ó. Rárá o! Paul Bert kan náà ni ó fi hàn pé ọ́síjìn tí a há jù a máa fa gìrì, gìrì lábẹ́ omi sì ni ikú. Nǹkan bí 110 ẹsẹ̀ bàtà ni òpin fún ìdá 32, 95 fún ìdá 36. Àǹfààní rẹ̀ ni pé a lè pẹ́ díẹ̀ sí i níbi tí kò jìn. Ẹni tí yóò gbé àgbá ni kí ó fi ẹ̀rọ wọn ọ́síjìn inú rẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ó sì kọ ọ́ sí ara àgbá. Kí ó má gba ti ẹnu ẹni tí ó tà á.

Ní èbúté Lẹ́kí, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023, omi jìn tó 54 ẹsẹ̀ bàtà. Ẹni tí ó bá mòòkùn níbẹ̀ ti wọ inú ọ̀rọ̀ tí a ń sọ yìí.

Mo padà lọ ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún bàbá ní Badore. Ó fara balẹ̀ gbọ́. Ó wá bi mí bí àgbá náà yóò bá jẹ́ kí òun ráyè gbé korobá.