Ta Ló Mú Kọ́kọ́rọ́ Lọ́wọ́? Ìtàn Kọ̀ǹpútà Àwọn Ọmọ Iléèwé Lọ́dún 2007

Ní Igbesa níbí (bí pátákó ojú ọ̀nà ṣe kọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́, láìsí àmì, ọ̀rọ̀ àmì ń bọ̀ níwájú), aránṣọ kan wà ládùúgbò wa. Àwọn ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ láwọn iléeṣẹ́ inú ibùdó òwò ọ̀fẹ́ Ogun-Guangdong ló pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà rẹ̀, orí WhatsApp ni wọ́n sì ti ń bá a dúnàá-dúrà. Fóònù tó ń lò, àwìn ló rà á. Ó san owó àkọ́kọ́, ó sì ń san ìyókù lójoojúmọ́. Nígbà tó kù bí oṣù méjì kó san tán, ọmọ rẹ̀ ṣàìsàn, ọjọ́ mẹ́ta kọjá láìsanwó. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, fóònù ṣú dùdù. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lójú rẹ̀: kó wá sanwó. Ìwọ̀n aṣọ ẹbí èèyàn méjìlélógún tó gbọ́dọ̀ rán kí ọjọ́ Sátidé tó pé wà nínú rẹ̀.

Ó gbé e wá bá mi. "Bàbá, ẹ bá mi wò ó o, ṣé ó ti bàjẹ́ ni?" Kò bàjẹ́. A jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ti rà á. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ kí wa dáadáa, kò sọ̀sọkúsọ. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú sà, kì í ṣe àwa la tì í o. Ó máa ń ti ara ẹ̀ ni."

Ó máa ń ti ara ẹ̀ ni! Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi títí mo fi délé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mi ka ìwé ìtàn tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ẹ ó rántí ológò. Bí ajigbèsè bá kọ̀ tí kò san, olówó lè bẹ ológò lọ́wẹ̀ kó lọ jókòó tì í nílé. Ológò á gba ibì kan nínú ilé, á máa pariwo, adìẹ tó bá kọ́kọ́ kọjá níwájú rẹ̀, á mú un pa jẹ, gbogbo rẹ̀ lórí onígbèsè. Ìwà ìnira ni, n kò gbè é lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n èèyàn ni ológò. Àgbà ilé lè bá a sọ̀rọ̀, wọ́n lè bẹ̀ ẹ́, aládùúgbò lè dúró fún onígbèsè pé "ó di ọjà tó ń bọ̀." Ológò tòde òní wà nínú fóònù fúnra rẹ̀. Ta lẹ fẹ́ bẹ̀?

Àwọn kan á ní ohun tuntun lèyí. Kì í ṣe ohun tuntun. Ìjà lórí ẹni tó ni ohun tó wà nínú ẹ̀rọ, àti ẹni tó lè tì í, a ti ní in ní Nàìjíríà ní 2007, lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fẹ́ kó fún àwọn ọmọ iléèwé. Èmi gbà pé ọdún yẹn ṣe pàtàkì ju bí àwọn òpìtàn wa ṣe kà á sí lọ.

Oṣù kìn-ín-ní ọdún 2005 ni Nicholas Negroponte, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní MIT l'Amẹ́ríkà, kéde ní Davos pé òun fẹ́ ṣe kọ̀ǹpútà alágbèéká tí owó rẹ̀ kò ní ju 100 dọ́là lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọmọ iléèwé kọ̀ọ̀kan láwọn ilẹ̀ tí ò fi bẹ́ẹ̀ lówó. One Laptop per Child ni wọ́n pe ẹgbẹ́ náà, XO ni orúkọ ẹ̀rọ. Ó funfun, ó ní àwọ̀ ewé lára, ó sì ní etí méjì tó nà sókè bíi ti ehoro. Ìròyìn káàkiri ayé sọ ní 2006 pé ìjọba Ọbásanjọ́ ti fara mọ́ ọn láti ra mílíọ̀nù kan. Mílíọ̀nù kan! Nígbà tó fi máa di 2007, bí 300 ni wọ́n ti kó dé iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Galadima, l'Abuja, 100 dọ́là sì ti ń sún mọ́ 190. Ìjọba ti yí padà ní oṣù karùn-ún, Yar'Adua ti gorí àlééfà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ tuntun, Igwe Aja-Nwachukwu, sì ń bi àwọn oníròyìn pé kí ni kọ̀ǹpútà fẹ́ ṣe fún ọmọ tí kò rí àga jókòó lé. Ìbéèrè gidi ni. Àwọn tó fi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà kò tíì dé iléèwé ìjọba wò ni.

Iléeṣẹ́ Intel náà ní tirẹ̀, Classmate, ó sì gbé e wá sí Abuja kan náà. Kó tó di pé mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Classmate, ẹ jẹ́ kí n yà síbì kan díẹ̀.

Sọ́fúwíà ni ẹ̀mí kọ̀ǹpútà. Láyé àtijọ́ tí kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde, ẹni tó bá ra ẹ̀rọ lè rí bí wọ́n ṣe kọ sọ́fúwíà rẹ̀, ó lè tún un ṣe. Nígbà tó yá, àwọn iléeṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pa ìwé rẹ̀ mọ́: wọ́n á fún ọ lọ́bẹ̀, wọn ò ní jẹ́ kó o mọ ohun tí wọ́n fi sè é, òfin sì ní o ò gbọdọ̀ ṣí i wò. Ọkùnrin kan ní MIT yẹn náà, Richard Stallman, bínú torí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tó ń há bébà tí wọn ò jẹ́ kí òun tún sọ́fúwíà rẹ̀ ṣe. Ní 1983 ó kéde iṣẹ́ tó pè ní GNU, sọ́fúwíà tí ẹnikẹ́ni lè lò, lè ṣí wò, lè tún ṣe, lè fún ẹlòmíì. Ní 1991, ọmọ ilẹ̀ Finland kan, Linus Torvalds, gbé Linux jáde, méjèèjì sì pàdé. Òyìnbó ń pe irú rẹ̀ ní "free", ọ̀rọ̀ yẹn sì ti kó wọn sí wàhálà fún ogójì ọdún, nítorí ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò fún ohun tí a kò san owó lé àti fún ẹni tí kò sí lóko ẹrú. Àwa ní ọ̀fẹ́, a ní òmìnira. Bí Stallman bá gbọ́ Yorùbá ni, ì bá ti sinmi àlàyé. Òmìnira ló ń sọ. A lè fún ọ ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́ kó sì jẹ́ pé ìdè ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Classmate. Iléeṣẹ́ Faransé kan, Mandriva, tó ń ṣe Linux tirẹ̀, bá Intel fọwọ́ sowọ́ pọ̀, wọ́n sì jáwé olúborí láti fi Linux sínú Classmate 17,000 fún àwọn iléèwé Nàìjíríà. Wọ́n ṣe gbogbo rẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà ni oníbàárà ránṣẹ́ sí wọn pé àwọn á san owó sọ́fúwíà náà o, ṣùgbọ́n àwọn á yọ ọ́ kúrò, àwọn á sì fi Windows rọ́pò rẹ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀! Ẹni tó ra ẹ̀wà, tó sanwó ẹ̀wà, tó da ẹ̀wà nù láti lọ ra ìrẹsì. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 2007, ọ̀gá Mandriva, François Bancilhon, kọ lẹ́tà ní gbangba sí Steve Ballmer, ọ̀gá Microsoft nígbà náà, pé kí ló fún àwọn èèyàn yìí jẹ tí ọkàn wọn fi yí. Microsoft ní àwọn ò rú òfin ibì kankan. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn oníròyìn gbé e jáde pé àdéhùn kan wà nílẹ̀ tí wọ́n ń sọ lọ́wọ́, pé Microsoft á fún iléeṣẹ́ Nàìjíríà tó ń kó ẹ̀rọ náà wọlé ní 400,000 dọ́là fún ìpolówó, bí wọ́n bá gbé Windows sínú ẹ̀rọ. Àjọ USPF, tó ń sanwó 11,000 nínú ẹ̀rọ náà látinú àpò ìjọba, sì dá sí i: òṣìṣẹ́ wọn kan ní Mandriva làwọn fẹ́ kó wà níbẹ̀.

Mo tún àwọn ìròyìn yẹn kà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Faransé sọ̀rọ̀, Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀, alágbàtà sọ̀rọ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba sọ̀rọ̀. Nínú gbogbo èyí tí mo kà, n kò rí olùkọ́ kan tí wọ́n bi pé èwo ni ìwọ fẹ́.

Oṣù kan náà tí ariwo yìí ń lọ lọ́wọ́ ni ìjà kejì dé, èyí sì kàn wá gbọ̀ngbọ̀n torí ọmọ wa ló gbé e. Ẹ mọ̀ pé ìyà ńlá ni kíkọ Yorùbá lórí kọ̀ǹpútà jẹ́ fún wa. Ẹ àti ọ tó ní àmì nísàlẹ̀ wà nínú Unicode, ìlànà lẹ́tà tí gbogbo ẹ̀rọ ayé ń lò, nítorí pé àwọn ará Vietnam náà ń lò wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ kò ní ààyè tiwọn, a gbọ́dọ̀ to àmì lé wọn lórí ni. Kí Unicode tó gbilẹ̀, oníkálukú ń ra fọ́ńtì tirẹ̀. Èmi alára kọ odindi ìwé kan sínú ọ̀kan nínú wọn láàárín ọdún 1990 sí 1999. Ẹni tó tà á fún mi kógbá wọlé, ìwé náà sì di wúruwùru lójú kọ̀ǹpútà tuntun. Orí mẹ́ta ni mo rí gbà padà, torí mo ti tẹ̀ wọ́n sórí bébà.

Nínú ìyà yìí ni iléeṣẹ́ Lancor, tí Adé Oyègbọlá ń darí láti ìpínlẹ̀ Massachusetts, ṣe kíbọ́ọ̀dù Konyin, tó ní bọ́tìnnì Shift mẹ́rin kí àmì èdè wa lè rọrùn láti tẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2007 wọ́n pe ẹgbẹ́ Negroponte lẹ́jọ́ ní ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó. Wọ́n ní ẹgbẹ́ náà ra Konyin méjì, wọ́n tú inú rẹ̀ wò, wọ́n sì fi ọgbọ́n rẹ̀ ṣe kíbọ́ọ̀dù XO fún Nàìjíríà. 20 mílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n béèrè. Ẹgbẹ́ náà ní irọ́ ni, pé gbogbo ohun tó wà nínú XO, tiwọn ni tàbí kó jẹ́ pé wọ́n gba àṣẹ lé e lórí.

Ibi tí ọkàn mi ti pín sí méjì rè é. Ọmọ Yorùbá ṣe iṣẹ́ ọpọlọ, ó yẹ kó jẹun níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé ó yẹ kí ọ̀nà tí ọmọ gbà ń tẹ ọ̀ wà lábẹ́ àgádágodo ẹnì kan? Lónìí mi ò ní wàhálà yẹn mọ́. Kíbọ́ọ̀dù tí àwọn YorubaName gbé jáde lọ́fẹ̀ẹ́ ni mo fi ń kọ èyí.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni ti XO fúnra rẹ̀. Linux ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ fi bọ́tìnnì kan sí i tí ọmọ lè tẹ̀ láti rí bí wọ́n ṣe kọ ohun tó ń lò. Síbẹ̀, ní oṣù kejì ọdún 2007, wọ́n kéde ètò ààbò rẹ̀, Bitfrost, tí Ivan Krstić ṣe. Nínú rẹ̀ ni ọgbọ́n kan wà fún olè: ẹ̀rọ á máa gba ìyọ̀ǹda láti ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà ńlá kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fún iye ọjọ́ tí ìjọba bá yàn. Bí ọjọ́ bá pé tí ìyọ̀ǹda kò dé, á ti ara rẹ̀ pa. Ọmọ tó bá fẹ́ yí ìpìlẹ̀ sọ́fúwíà inú rẹ̀ padà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ kọ́kọ́rọ́. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é dára, n kò ní purọ́ mọ́ wọn: ta ni ò mọ̀ pé wọ́n á jí i? Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí wọ́n fi òmìnira polówó rẹ̀, wọ́n rí i pé ó yẹ kí àgádágodo wà lára rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ ìjọba àti ẹgbẹ́, kò sí lọ́wọ́ ọmọ. Ọgbọ́n tó ti fóònù aránṣọ wa pa, ọgbọ́n kan náà ni. Gbèsè ló rọ́pò olè.

Mílíọ̀nù kan Nàìjíríà ò dé mọ́. Peru àti Uruguay ló ra púpọ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2008, ẹgbẹ́ náà gbà kí Windows wọ XO. Ọ̀ṣun gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ tirẹ̀ jáde ní 2013, ìyẹn á gba àpilẹ̀kọ tirẹ̀.

Òfin ti wá pọ̀ sí i. Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé tuntun tí Buhari buwọ́ lù ní oṣù kẹta ọdún 2023 ka jíjá àgádágodo tó ń ṣọ́ iṣẹ́ ẹni tó ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀ṣẹ̀, sọ́fúwíà sì wà lára iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún yẹn, Tinubu buwọ́ lu òfin ààbò ìsọfúnni ara ẹni. Ní oṣù keje ọdún 2024, àjọ FCCPC bu owó ìtanràn 220 mílíọ̀nù dọ́là lé Meta lórí ọ̀rọ̀ WhatsApp. Lára ẹ̀sùn wọn ni pé wọn ò fún àwọn ọmọ Nàìjíríà ní irú ẹ̀tọ́ tí wọ́n ń fún àwọn ará ilẹ̀ mìíràn. Ìyẹn dùn mọ́ mi nínú. Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí i kí olùlò fúnra rẹ̀ jẹ́ kókó ẹjọ́.

Aránṣọ wa yá owó ọjọ́ mẹ́ta lọ́dọ̀ mi, ó san án. Kò ju bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, fóònù ṣí fúnra rẹ̀, bó ṣe tì. Aṣọ ẹbí jáde ní Sátidé. Ó ti ra ìwé ogójì ewé kan, ó ń da ìwọ̀n àwọn oníbàárà rẹ̀ kọ sínú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo tún bi ọmọkùnrin ṣọ́ọ̀bù yẹn pé bí obìnrin yìí bá san owó tán lóṣù méjì sí i, ṣé ohun tó ń ti fóònù yìí á jáde kúrò nínú rẹ̀, àbí á kàn sùn síbẹ̀ ni? Ó ní òun á bi àwọn ọ̀gá òun. Ó gba nọ́ńbà mi, kò sì tíì pè mí.