Jíjẹun dáadáa àti ìgbòkègbodò ara nínú ẹbí ní Ìkẹjà

Jíjẹun dáadáa àti ìgbòkègbodò ara nínú ẹbí jẹ́ àṣà ìlera nínú èyí tí gbogbo ará ilé, lọ́mọdé lágbà, ti ń jùmọ̀ jẹ oúnjẹ aṣaralóore, tí wọ́n sì ń lo ara wọn déédéé. Ó yàtọ̀ sí ìtọ́jú tí a ń fún aláìsàn kan ṣoṣo nínú ilé, nítorí pé ìkòkò kan náà ni ọ̀pọ̀ ẹbí ti ń jẹun. Ní Ìkẹjà, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Èkó, àti ní Agége tí ó bá a pààlà, ọ̀rọ̀ náà so mọ́ bí àwọn ènìyàn ṣe ń ṣiṣẹ́: iṣẹ́ ọ̀sán àti ti òru ní àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá, ìrìn-àjò gígùn nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀, àti oúnjẹ tí a ń rà ní ẹ̀bá ọ̀nà. Ìdàgbàsókè àwọn ọmọdé wà lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ààbò àwọn àgbà kúrò lọ́wọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀.

Ìtàn àti àyíká

Ìlú àwọn Àwórì ni Ìkẹjà láti ìbẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ àgbẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ibẹ̀ ń ṣe. Ní Agége, oko kòkó àti oko obì gbilẹ̀ ní ìparí ọ̀rúndún 19 àti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20. Ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe láti Èkó ní ọdún 1896, tí ó sì dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, gba àgbègbè náà kọjá, ó sì sọ Agége di ibùdó ọjà.

Ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí Ìkẹjà ṣì wà lábẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, ìjọba ẹkùn náà ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ níbẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́. Lára àwọn tí ó fìdí kalẹ̀ sí Ìkẹjà ní àwọn ọdún 1960 ni Guinness tí ń pọn ọtí, àti Cadbury tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Àgídìngbì. A dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọdún 1967, Ìkẹjà sì di olú-ìlú rẹ̀ ní ọdún 1976. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ ìjọba ní Aláúsá ti kún iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ní Ọba Àkran, Ọ̀gbà àti Orégùn.

Àyípadà yìí kan ara àti ikùn. Àgbẹ̀ ń rìn lọ sí oko, ó ń kọ ebè, ó sì ń jẹ nínú ohun tí ó kórè. Òṣìṣẹ́ ìlú ń wọ ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́, ó lè jókòó tàbí kí ó dúró sójú kan láti àárọ̀ di alẹ́, owó ni ó sì fi ń ra gbogbo ohun tí ó ń jẹ. Òkèlè tí ó tóbi, tí ó yẹ ẹni tí ó ṣiṣẹ́ oko, ṣì wà nínú àwo, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó ń lo agbára rẹ̀ ti dín kù.

Búrẹ́dì Agége àti oúnjẹ ẹ̀bá ọ̀nà

Oúnjẹ tí ó gbé orúkọ àgbègbè yìí lọ sí ibi gbogbo ni búrẹ́dì Agége. Amos Shackleford, ọmọ Jamáíkà tí ó wá sí Nàìjíríà ní ọdún 1913 láti ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ojú irin, wà lára àwọn tí ó sọ òwò búrẹ́dì di ńlá ní Èkó láti ọdún 1921. Búrẹ́dì Agége máa ń rọ̀, ó ki, ó sì dùn díẹ̀. Ó rọrùn láti gbé, kò sì nílò iná nígbà tí a bá fẹ́ jẹ ẹ́. Ìdí nìyí tí ó fi bá ìgbésí ayé òṣìṣẹ́ mu.

Ìyẹ̀fun funfun tí a fi ń ṣe é kò ní fáíbà púpọ̀, nítorí náà kì í pẹ́ kí ebi tó tún pa ẹni tí ó jẹ òun nìkan. Ohun tí a fi jẹ ẹ́ ni ó ń pinnu àǹfààní rẹ̀. Búrẹ́dì pẹ̀lú ẹ̀wà àgànyìn jẹ́ àdàpọ̀ tí ó dára, nítorí pé ẹ̀wà ní èròjà amúaradàgbà àti fáíbà tí búrẹ́dì kò ní tó, bí ata díndín orí rẹ̀ kò bá ti kún fún epo jù. Búrẹ́dì pẹ̀lú mínírà, tàbí gálà àti mínírà tí a ń rà láti ojú fèrèsé ọkọ̀, kò fún ara ní ohun púpọ̀ ju ìyẹ̀fun, ṣúgà, iyọ̀ àti ọ̀rá lọ. Àjọ NAFDAC ti fòfin de lílo potassium bromate nínú búrẹ́dì ní Nàìjíríà, nítorí ewu tí kẹ́míkà náà jẹ́ fún ìlera.

Oúnjẹ nínú ilé

Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) gba àgbàlagbà nímọ̀ràn láti jẹ èso àti ẹ̀fọ́ tí kò dín ní gíráàmù 400 lóòjọ́, kí iyọ̀ má sì tó gíráàmù 5, èyí tí kò ju ṣíbí tíì kan lọ. Iyọ̀ inú màgí, inú ìndómì àti inú ẹja oníyọ̀ wà nínú ìṣirò yìí. Ìrù, edé, àlùbọ́sà, ata ilẹ̀ àti efinrin lè fún ọbẹ̀ ní adùn láìjẹ́ pé a fi màgí kún un léraléra.

Ní ti ṣúgà, àjọ náà fẹ́ kí èyí tí a fi kún oúnjẹ àti ohun mímu dín ní ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí oúnjẹ ọjọ́ kan ń fún ara. Ó sàn jù bí kò bá tó ìdá 5, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 25 fún àgbàlagbà. Mínírà kólà kan tí ó jẹ́ sẹ̀ǹtílítà 33 lè ní nǹkan bí gíráàmù 35. Nítorí náà, ilé tí ó bá fi omi rọ́pò mínírà nìkan ti ṣe àyípadà ńlá láìná owó kún un.

Oúnjẹ ilẹ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀ ní ohun tí ara nílò. Ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, àkàrà, ẹ̀pà, ẹyin àti ẹja ń mú ara dàgbà. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbúre, ewédú, ilá àti ugwu jẹ́ ẹ̀fọ́ tí ó wà ní ọjà Ìpódò ní Ìkẹjà àti ní àwọn ọjà Agége. Ìbẹ́pẹ, ọsàn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti àgbálùmọ̀ wà ní àsìkò wọn. Àtúnṣe tí ó sábà máa ń rọrùn jù ni kí òkèlè ẹ̀bà, àmàlà tàbí fùfú dín kù, kí ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ sì pọ̀ sí i nínú àwo. Kò sí ìdí láti se oúnjẹ ọ̀tọ̀ fún ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru: ọbẹ̀ tí iyọ̀ rẹ̀ mọ níwọ̀n ṣe gbogbo ilé láǹfààní.

Ìpín oúnjẹ láàárín ará ilé

Nínú ọ̀pọ̀ ilé, bàbá ni ó ń gba ẹran tí ó tóbi jù, àwọn ọmọ sì ń gba omi ọbẹ̀. Èrò àtijọ́ kan tún wà pé ọmọ tí ó bá ń jẹ ẹyin yóò di olè. Ṣùgbọ́n ọmọ tí egungun àti ọpọlọ rẹ̀ ṣì ń dàgbà ni ó nílò ẹyin, ẹja àti ẹran jù lọ, ní ìwọ̀n ara rẹ̀. Aboyún àti ìyá tí ń fún ọmọ lọ́mú nílò ìpín tí ó pọ̀ bákan náà. Ìwádìí ìlera àti iye ènìyàn ti ọdún 2018 fi hàn pé ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ní Nàìjíríà ni ó kúrú ju bí ó ti yẹ fún ọjọ́ orí wọn lọ, èyí tí ó jẹ́ àmì àìjẹunre tàbí àìsàn tí ó ti pẹ́ lára. Oúnjẹ lè wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, kí ó má sì dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó nílò rẹ̀ jù.

Ọmọ ọwọ́ àti ìyá tí ń ṣiṣẹ́

WHO gbà pé ọmú nìkan ni kí ọmọ máa mu fún oṣù 6 àkọ́kọ́, kí a sì máa fi ọmú kún oúnjẹ rẹ̀ títí di ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Ìkẹjà, òfin àti ibi iṣẹ́ ń pinnu bóyá èyí yóò ṣeé ṣe. Òfin Iṣẹ́ ti Nàìjíríà fún obìnrin òṣìṣẹ́ ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12, 6 ṣáájú ìbí àti 6 lẹ́yìn rẹ̀, ó sì fún ìyá tí ń tọ́mọ ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ láti fún ọmọ lọ́mú ní àkókò iṣẹ́. Ní ọdún 2014, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kéde ìsinmi oṣù 6 fún àwọn obìnrin tí ń bá a ṣiṣẹ́, fún ọmọ méjì àkọ́kọ́, àti ọjọ́ 10 fún bàbá ọmọ.

Nítorí náà, ìyá méjì lè máa gbé ojúlé kan náà, kí ọ̀kan máa ṣiṣẹ́ ní Aláúsá, kí èkejì sì máa ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ aládàáni ní Ọba Àkran, kí àǹfààní wọn má sì dọ́gba, àyàfi bí agbanisíṣẹ́ bá fi kún ohun tí òfin sọ. Ìyá tí ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́ lè fún ọmú sínú ife mímọ́, kí ìyá àgbà tàbí alágbàtọ́ fi bọ́ ọmọ. Lẹ́yìn oṣù 6, ògì nìkan kò tó. Àwọn elétò ìlera máa ń gba àwọn ìyá nímọ̀ràn láti fi ẹ̀pà lílọ̀, sóyà, edé lílọ̀ tàbí ẹyin kún un.

Ìgbòkègbodò ara

WHO gba àgbàlagbà nímọ̀ràn láti lo ara níwọ̀n-ún-wọ̀nsì fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, àti ọmọ ọdún 5 sí 17 fún ìṣẹ́jú 60, ó kéré tán, lóòjọ́. Ọmọ ọdún 2 sí 4 kò gbọdọ̀ jókòó ti tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù ju wákàtí 1 lọ lóòjọ́. Ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ yára rìn fún ìṣẹ́jú 15 lọ sí ibùdókọ̀ ní àárọ̀, tí ó sì tún rìn ín padà ní alẹ́, fún ọjọ́ 5, ti pé ìṣẹ́jú 150.

Iṣẹ́ ilé pẹ̀lú jẹ́ ìgbòkègbodò: omi pípọn, ilẹ̀ gbígbá, aṣọ fífọ̀ àti iyán gígún. Bí a bá pín wọn fún ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin bákan náà, gbogbo wọn ni yóò jàǹfààní. Súwe, tẹ́ń-tẹ́ń, okùn fífò àti bọ́ọ̀lù gbígbá kò gba owó púpọ̀, àyè kékeré sì tó fún wọn. Fún ìrìn pẹ̀lú ẹbí, Ndubuisi Kanu Park àti Johnson Jakande Tinubu Park wà ní Aláúsá, àwọn òpópónà inú GRA Ìkẹjà sì máa ń pa rọ́rọ́ ní ìdájí òpin ọ̀sẹ̀. Ọmọ tí ó bá ń rí òbí rẹ̀ tí ń rìn tí ó sì ń ṣeré ni ó sábà máa ń fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Àwọn ìdènà

Àkókò ni ìdènà àkọ́kọ́. Òbí tí ó jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, tí ó sì wọlé lẹ́yìn agogo 8 alẹ́, kò rí ààyè fún ẹ̀wà tí ń pẹ́ lórí iná. Rírẹ ẹ̀wà sínú omi láti alẹ́ ń dín àkókò àti gáàsì kù, bẹ́ẹ̀ sì ni ọbẹ̀ tí a sè ní òpin ọ̀sẹ̀ tí a sì pín sínú abọ́, bí iná mànàmáná bá wà fún fìríìjì. Nínú àwọn ilé tí ayálégbé púpọ̀ ti ń lo ilé ìdáná kan, àwọn mìíràn máa ń ra nǹkan ọjà pọ̀ kí owó rẹ̀ lè dín kù.

Iṣẹ́ òru ni ìdènà kejì. Ìwádìí ní onírúurú orílẹ̀-èdè ti fi hàn pé àwọn tí ń ṣiṣẹ́ òru fún ìgbà pípẹ́ sábà máa ń ní ìsanrajù àti àtọ̀gbẹ ju àwọn ẹlòmíràn lọ. Ìdènà kẹta ni ojú pópó: ọ̀nà tí kò ní ibi ìrìn ẹsẹ̀, èéfín ọkọ̀ àti ti jẹnẹrétọ̀. Ìdájí, kí ọkọ̀ tó pọ̀, ni ó sàn jù fún eré ìdárayá ní ìta.

Ìlànà ìjọba àti ìtọ́jú

Láti ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ ń gba owó orí náírà 10 lórí lítà kọ̀ọ̀kan mínírà tí a fi ṣúgà sí. Òfin tún béèrè pé kí a fi fítámì A kún ìyẹ̀fun, ṣúgà àti epo, kí a sì fi áyódìn kún iyọ̀.

Ilé-ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Ìṣègùn ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó (LASUTH), tí ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé-ìwòsàn kékeré ní ọdún 1955, wà ní Ìkẹjà, àwọn ibùdó ìlera alábọ́ọ́dé sì wà ní àwọn àdúgbò. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà fi àmì hàn ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà yíyẹ̀ ẹ́ wò ni a fi lè mọ̀ ọ́n. Ó yẹ kí àgbàlagbà máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí a máa wọn ọmọ kékeré ní ibùdó ìlera, kí ẹni tí ó ní àrùn ọkàn, àtọ̀gbẹ tàbí oyún sì bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá tí ó le.