Ẹdùn Àrá: Àáké Òkúta àti Ẹ̀rí Inú Ilẹ̀

Bí àrá bá sán pa ilé láyé àtijọ́, àwọn oníṣàngó ni í wá wa ẹdùn àrá jáde nínú ilẹ̀ ibẹ̀. Òkúta dídán ni, ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ó sì mú, ìdí rẹ̀ tín-ín-rín. Wọn a gbé e sínú ọpọ́n lórí odó Ṣàngó, wọn a máa bọ ọ́. Kì í ṣe àwa nìkan ni a gbà pé ojú ọ̀run ni irú òkúta bẹ́ẹ̀ ti já bọ́. Àwọn ará Ẹdó gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ Yúróòpù, tí púpọ̀ nínú tiwọn jẹ́ òkúta ìṣáná, gbà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú.

Àáké tí ọwọ́ ènìyàn ṣe ni. Wọn a kọ́kọ́ gbẹ́ ẹ, wọn a wá fi yanrìn àti omi lọ̀ ọ́ lórí àpáta títí yóò fi dán. Nígbà tí irin dé, a gbàgbé ẹni tí ó ṣe é.

Ní 1965, Thurstan Shaw ti Yunifásítì Ìbàdàn wa ilẹ̀ Ihò Eléérú nítòsí Àkúrẹ́. Ní ìpele ìsàlẹ̀ ni ó ti bá egungun ènìyàn tí ó ti tó nǹkan bí 13,000 ọdún. Òkúta wẹ́wẹ́ tí a fọ́ ni irinṣẹ́ ìgbà náà. Àáké lílọ̀ àti àpáàdì kò yọjú àfi ní ìpele òkè, ní nǹkan bí 5,000 ọdún sẹ́yìn. Ipò tí òkúta wà nínú ilẹ̀ ni ó sọ èyí fún wa. Ẹdùn àrá tó wà lójúbọ kò lè sọ ọ́, nítorí a ti hú u kúrò láyè rẹ̀. Síbẹ̀, n kò bá àwọn tí ń bú oníṣàngó kẹ́gbẹ́: bí kò sí tiwọn, èló nínú òkúta wọ̀nyí ni ì bá kù?

Ọ̀rọ̀ yìí kan Alímọ̀ṣọ́ gan-an. Orí yanrìn àti ilẹ̀ pupa ni Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá àti Ìgàndó wà. Ẹni tí ó bá ń wá àpáta líle yóò gba ọ̀nà Abẹ́òkúta lọ. Nítorí náà, bí àáké òkúta bá yọ níbẹ̀, ènìyàn ló gbé e wá láti ọ̀nà jíjìn, ó sì di ẹ̀rí ìrìnàjò tàbí pàṣípààrọ̀. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni a ń wa ìpìlẹ̀ ilé níbẹ̀, ṣọ́bìrì kì í sì í wo ìpele. Òfin 77 ti ọdún 1979 ní kí ẹni tí ó bá ṣe alábàápàdé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dá iṣẹ́ dúró ní àyíká ibẹ̀, kí ó sì fi tó Àjọ Ilé-Ìṣẹ̀ǹbáyé létí kí ọjọ́ 7 tó pé.