Abẹ́rẹ́ Inú Èéfín Fukushima

Kékeré labẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Bí àgbà bá pa òwe yìí, ohun tí púpọ̀ nínú wa ń gbọ́ ni pé ká má fojú kékeré wo ẹnikẹ́ni. Ó rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òwe náà jìn ju ibẹ̀ lọ. Adìẹ a máa gbé odidi hóró àgbàdo mì, a sì máa ṣa òkúta wẹ́wẹ́ jẹ, kí iwe rẹ̀ lè rí nǹkan fi lọ oúnjẹ. Kí ló wá dé tí abẹ́rẹ́ fi di èèwọ̀? Abẹ́rẹ́ kì í dà nínú. Ibi tó bá há sí ni yóò ti máa gún ẹran ara lójoojúmọ́. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ohun tí inú kò lè dà ni òwe yìí ń sọ ju ọ̀rọ̀ ìtóbi lọ.

Irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ gbé kiri ní Jàpáànì lọ́dún 2011. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún náà, ilẹ̀ mì tìtì lábẹ́ òkun, omi òkun ru sókè, ó sì ya wọ ilé iṣẹ́ amúnáwá núkílíà Fukushima Daiichi. Omi bo jẹnẹrétọ̀, iná kú, omi tó ń mú ẹ̀rọ tutù kò ṣàn mọ́. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, epo núkílíà inú mẹ́ta nínú ẹ̀rọ mẹ́fà ibẹ̀ ti yọ́. Ọ̀kan nínú ohun tó tú sáfẹ́fẹ́ ni sísíọ̀mù 137, èròjà tó ń tú ìtànṣán, tó ń gba nǹkan bí ọdún 30 kó tó dín sí ìdajì.

Ohun tí wọ́n ti mọ̀ mọ́ sísíọ̀mù ni pé wẹ́rẹ́ ló ń yọ́ sómi. Bí òjò bá gbé e wá sílẹ̀, amọ̀ a gbá a mú. Bí ènìyàn bá jẹ ẹ́, ẹ̀jẹ̀ a gbé e kiri iṣan ara, kíndìnrín a sì máa sẹ́ ẹ sínú ìtọ̀, débi pé ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọjọ́, ìdajì rẹ̀ ti kúrò lára àgbàlagbà. Kì í ṣe pé èyí kò léwu o. Ní Goiânia ní Brasil, lọ́dún 1987, àwọn tó ń wá irin tí wọ́n máa tà tú ẹ̀rọ ìtọ́jú jẹjẹrẹ kan tí wọ́n ti pa tì, ìyẹ̀fun sísíọ̀mù inú rẹ̀ tàn ká àdúgbò, ènìyàn mẹ́rin sì kú. Ṣùgbọ́n nítorí pé sísíọ̀mù yẹn ń yọ́, àwọn dókítà rí oògùn tó ń dì í mú nínú ìfun, kó lè bá ìgbẹ́ jáde.

Èyí tó dé Tsukuba yàtọ̀. Ìlú yìí wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Fukushima Daiichi, ó sì fi nǹkan bíi kìlómítà 170 jìnnà sí i. Àwọn olùwádìí ojú ọjọ́ níbẹ̀ ní ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ gba inú bébà asẹ́ kọjá. Kouji Adachi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú bébà ọjọ́ 14 sí 15 oṣù kẹta, wọ́n tẹ́ ẹ lé àwo tó ń ya àwòrán ìtànṣán. Ká ní sísíọ̀mù náà ti yọ́ mọ́ eruku ni, àwòrán náà ì bá ṣú káàkiri. Tó-tò-tó ni wọ́n rí: àmì dúdú kan níhìn-ín, òmíràn lọ́hùn-ún. Wọ́n gé bébà náà, wọ́n tún un gé, títí ègé tó kù kò fi tó nǹkan mọ́, wọ́n wá gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù. Hóró roboto kan ni wọ́n bá níbẹ̀, tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá méjì nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà. Ọdún 2013 ni wọ́n tẹ ìwádìí náà jáde. Àwọn ìwádìí tó tẹ̀ lé e fi hàn pé gíláàsì ni, irin àti síǹkì sì wà nínú rẹ̀.

Ta ló gbé gíláàsì sínú èéfín? Satoshi Utsunomiya ti Yunifásítì Kyushu àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ṣàlàyé pé epo núkílíà tó yọ́ ló jẹ ìkòkò irin lu, tó dà sórí kọ́ńkéré ìsàlẹ̀. Èròjà yanrìn inú kọ́ńkéré gbóná títí ó fi di oru; bó ti ń tutù ló ń dì di gíláàsì, ó sì ń há sísíọ̀mù mọ́ inú. Lórí bébà asẹ́ Tokyo ti ọjọ́ 15 oṣù kẹta, inú irú hóró bẹ́ẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìtànṣán sísíọ̀mù wà. Wọ́n tún rí àwọn tó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ ní àríwá ilé iṣẹ́ náà, tí òmíràn fẹ̀ ju irun orí lọ. Ẹ̀rọ kìíní ló bí wọn. Oríṣi sísíọ̀mù mìíràn, sísíọ̀mù 134, tó ń dín sí ìdajì ní nǹkan bí ọdún méjì, ló tú àṣírí yẹn, torí ìwọ̀n rẹ̀ sí 137 yàtọ̀ láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ.

Bí hóró bẹ́ẹ̀ bá gba imú wọ ẹ̀dọ̀fóró, omi ibẹ̀ lè fi ọ̀pọ̀ ọdún jẹ ẹ́ kó tó tán. Ìṣirò tí wọ́n sábà fi ń díwọ̀n ewu sì gbà pé sísíọ̀mù pín ká gbogbo ara, nígbà tó jẹ́ pé ẹran ara tó yí hóró tó há sójú kan ká ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú ìyà rẹ̀. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni torí èyí sá kiri o. Nínú ẹyọ kékeré kan, iye átọ́mù tó ń bú ní ìṣẹ́jú àáyá kan kò ju èyí téèyàn lè fi ìka ọwọ́ kà lọ. Ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ ìtànṣán sì sọ lọ́dún 2021 pé kò sí àìsàn kankan lákọsílẹ̀ lára àwọn ará Fukushima tí a lè so mọ́ ìtànṣán náà tààrà. Ohun tí mo rí sí i ni pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìtànṣán àdúgbò, àpapọ̀ ló ń kà. Wọ́n ti rí hóró wọ̀nyí lórí ilẹ̀ inú ilé ìwé kan tí kò tó kìlómítà mẹ́ta sí ibi ìjàǹbá náà, bẹ́ẹ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò lè sọ fún òbí bóyá sísíọ̀mù inú gíláàsì ni tàbí èyí tó ń yọ́ sómi.

Hóró kan náà ló sì di ẹlẹ́rìí fún àwọn onímọ̀. Kò sẹ́ni tó lè wọ inú àwọn ẹ̀rọ tó yọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni a rí yuréníọ̀mù inú epo wọn nínú àwọn hóró kan. Oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni TEPCO, ilé iṣẹ́ tó ni Fukushima Daiichi, ṣẹ̀ṣẹ̀ fi rọ́bọ́ọ̀tì mú ègé àkọ́kọ́ jáde nínú epo tó yọ́ sí ẹ̀rọ kejì. Ègé náà kò tó gíráàmù kan. Nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 880 ló ṣì wà nínú àwọn ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.